Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ibo ni ọ́ìlì ti tọ́ sí lára kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù àtijọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Kétu ní ilẹ̀ Benin ni mo ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe. Honda CG 125 tí bàbá mi fi lọ sí oko fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń gùn báyìí. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú ni ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti le, tó bẹ́ẹ̀ tí ìka òsì mi fi máa ń ro mí kí n tó dé ilé ìwé. Wáyà rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta. Bí mo bá dúró, n kì í tètè rí níútírà (ipò tí jíà kankan kò sí lẹ́nu iṣẹ́), àfi kí n pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ní kí n ki gíríìsì sínú wáyà náà, kí n sì bu kẹrosíìnì díẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì láti fọ páléètì. Ẹlòmíràn ní kí n kúkú ra páléètì tuntun. Níbo gan-an ni kí n fi ọ́ìlì sí, irú ọ́ìlì wo, kí ni mo sì lè fi ọwọ́ ara mi ṣe nínú rẹ̀?

ÌDÁHÙN

Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó ki ohunkóhun bọ̀ ọ́. Ẹ má fi gíríìsì sínú wáyà, ẹ má sì jẹ́ kí kẹrosíìnì dé inú ẹ́ńjìnnì. Ní ti páléètì tuntun, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò ná, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, kò sí ọ̀kan tí ó tọ́ka sí i ní tààrà pé páléètì ti jẹ tán. Ọwọ́ tí ó le, wáyà tí ń já léraléra àti níútírà tí kì í wọlé, láti ara wáyà nìkan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lè wá. Bí páléètì bá ti jẹ, ohun tí ẹ máa rí yàtọ̀: ẹ́ńjìnnì yóò máa ké sókè bí ẹ ti ń fún un ní epo, ṣùgbọ́n eré kẹ̀kẹ́ kò ní tó ariwo rẹ̀, pàápàá bí ẹ bá gbé ènìyàn sẹ́yìn tí ẹ sì ń gun òkè. Ìyẹn ni kílọ́ọ̀ṣì tí ń yọ̀. Tiyín kò yọ̀. Kì í já tán ni, ìyẹn ni pé páléètì rẹ̀ kì í dẹ̀ kúrò lára ara wọn pátápátá.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé láìmọ̀ ọ́n, ibi tí kò yẹ ni a ó máa da ọ́ìlì sí. Kílọ́ọ̀ṣì, tí àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń sọ Faransé mọ̀ sí embrayage, wà lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Páléètì oríṣi méjì ni a tò lé ara wọn níbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì: àwọn tí a fi ìbora lẹ̀ lójú, tí etí wọn há sínú agbọ̀n kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ́ńjìnnì ń yí, àti àwọn tí ó jẹ́ irin lásán, tí eyín wọn wà nínú lọ́hùn-ún, tí ó wọ ara ọ̀pá jíà. Sípíríǹgì mẹ́rin ló ń fún gbogbo wọn pọ̀ kí wọ́n lè yí bí ẹyọ kan. Bí ẹ bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, wáyà yóò fa apá irin kékeré kan lára ẹ́ńjìnnì, apá náà yóò yí, yóò sì borí agbára àwọn sípíríǹgì náà, páléètì yóò wá dẹ̀ kúrò lára ara wọn. Iṣẹ́ tí ó tọ́ kí ìka yín ṣe kò ju kí ó ṣẹ́gun sípíríǹgì mẹ́rin yẹn lọ. Ohun gbogbo tí ó wà láàárín ìka àti sípíríǹgì gbọ́dọ̀ máa yọ̀ geere. Ibi tí ó bá gbẹ nínú wọn ń fi ẹrù tirẹ̀ kún ti sípíríǹgì, ìka yín ni yóò sì gbé gbogbo rẹ̀.

Kí a tó dárúkọ ọ́ìlì rárá, ẹ wá ibi tí ó gbẹ náà. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́nu ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì yí bọ́lìtì àjọ́ọ̀sì (èyí tí a fi ń dẹ wáyà tàbí fi ń fún un) wọlé títí wáyà yóò fi dẹ̀. Bí wáyà kò bá dẹ̀ tó, ẹ dẹ ti ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Ẹ ó rí i pé a la nọ́ọ̀tì àti bọ́lìtì yẹn ní ẹ̀gbẹ́ kan; ẹ mú ojú tí a là nínú méjèèjì bá èyí tí ó wà lára ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mu, wáyà yóò sì jáde láìsí ìjà. Nígbà tí ó bá ti jáde, ẹ mi ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Bí kò bá lọ tí kò sì bọ̀ pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo, bọ́lìtì ìdí rẹ̀ ni ó gbẹ tàbí tí a fún jù. Ẹ wá di orí wáyà mú, kí ẹ fà á, kí ẹ sì tì í padà nínú awọ rẹ̀. Bí ó bá ń ha, tí ẹ ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí a ń fi iyanrìn fọ ìkòkò, ẹ ti rí ọ̀daràn. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ níkẹyìn, kí ẹ yọ wáyà lára apá irin kékeré náà, kí ẹ fi ọwọ́ yí apá náà díẹ̀: àyè kékeré kan yóò wà kí ó tó kan sípíríǹgì, ó sì gbọ́dọ̀ rìn nínú àyè yẹn láìhá. Àyẹ̀wò yìí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì kì í ṣe é. A kàn ń ta páléètì fún oníbàárà ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ti wáyà, nítorí ibẹ̀ ni mo gbà pé wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ pupa Kétu kúnná bí ìyẹ̀fun nígbà ọyẹ́, ó sì ń ráyè wọ ẹnu awọ wáyà láti òkè. Nígbà òjò, omi ń gba ibẹ̀ kan náà wọlé, ó ń bá iyẹ̀pẹ̀ ṣe ẹrẹ̀, ìpẹtà sì ń tẹ̀ lé e. Bí wáyà yín kò bá tíì tú fọ́nrán kankan, a lè fọ̀ ọ́ kí a sì fún un ní ọ́ìlì. Ẹ gé etí ọ̀rá kékeré kan, irú èyí tí a fi ń di omi tútù. Ẹ ki òkè awọ wáyà bọ inú rẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà tàbí téèpù dì í pinpin bí ẹnu àrọ, kí ẹ sì gbé e kọ́ sókè kí wáyà lè dúró ṣánṣán. Ẹ bu ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú ọ̀rá náà, ìwọ̀n ṣíbí ìmuṣúgà méjì tàbí mẹ́ta. Ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ dára jù lọ. Bí kò bá sí, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun tí kò nípọn tó. Ẹ máa fa wáyà sókè sódò díẹ̀díẹ̀ kí ọ́ìlì lè wọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, pẹ̀lú agolo lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí yóò kọ́kọ́ kán yóò dúdú tàbí kí ó pọ́n bí omi ẹrẹ̀. Ẹ máa fi kún un títí èyí tí ó ń kán yóò fi mọ́ bí èyí tí ẹ bù sí i.

Bí ẹnu awọ náà bá ní ike funfun nínú lọ́hùn-ún, wáyà ìgbàlódé ni wọ́n fi rọ́pò ti àtijọ́. Irú yẹn kò fẹ́ ọ́ìlì púpọ̀: ẹ̀kán díẹ̀ ti ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti tó o, gíríìsì sì léèwọ̀ fún un pátápátá.

Kí ló dé tí mo fi ń bá gíríìsì jà báyìí? Nígbà tí mo wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, èmi fúnra mi ki gíríìsì kún wáyà ọkùnrin kan tí ń fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe zemidjan, ìyẹn ọ̀kadà, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yìí. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ rọ̀ bí ọ̀rá, ó sì dúpẹ́ títí. Kò pé oṣù méjì tí ó fi padà wá, tí ó sì ń bínú. Gíríìsì ti di gbogbo iyẹ̀pẹ̀ tí ó rí mú, ó ti di àmọ̀ tí ń jẹ irin, kò sì sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ jáde mọ́. Èmi ni mo fi owó ara mi ra wáyà tuntun fún un. Epo bẹntiróò àti kẹrosíìnì náà kò dára láti dá lò fún wáyà: wọn a fọ ìdọ̀tí jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn a gbẹ, wọn a sì fi irin sílẹ̀ ní ìhòòhò. Bí ẹ bá fi ọ̀kan nínú wọn fọ wáyà tí ó bàjẹ́ púpọ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ́ìlì.

Ti wáyà tí ó já lẹ́ẹ̀mejì ni ó kù, èyí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí jù. Ibo ni ó ti já? Bí ó bá jẹ́ pé ní ìdí kókó òjé tí ó wà lórí rẹ̀ ni, níbi tí kókó náà ti wọ inú ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, wáyà kọ́ ni ó ṣẹ̀. Kókó yẹn yẹ kí ó máa yí díẹ̀ nínú ihò rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá fa ọwọ́. Bí ìpẹtà tàbí ìdọ̀tí bá há a mọ́lẹ̀, tí kò lè yí mọ́, wáyà gan-an ni yóò máa tẹ̀ níbi kan náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ ti rí bí a ṣe ń ṣẹ́ irin tín-ínrín nípa títẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán rẹ̀ ṣe ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ fọ ihò náà, ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ sì fi gíríìsì díẹ̀ pa á, ìwọ̀n ẹyọ àgbàdo kan. Ibí ni gíríìsì ti wúlò, àti lára bọ́lìtì ìdí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ yọ bọ́lìtì yẹn, ẹ nù ún mọ́, ẹ fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ ra á lára, kí ẹ dá a padà, kí ẹ má sì fún un débi tí yóò fi di ọwọ́ mú. Nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi dì í. Bí ẹ bá rí i pé ihò bọ́lìtì náà ti jẹ tí ọwọ́ sì ń mì jẹjẹ sókè sódò, ẹ pààrọ̀ ọwọ́ náà, nítorí yóò máa fa wáyà ní ẹ̀gbẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ní àárín tàbí lápá ìsàlẹ̀ ni ó ti ń já, ẹ wo ọ̀nà tí ó gbà kọjá. Wáyà kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́ níbi kankan, kò gbọdọ̀ fara kan ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná, kò sì gbọdọ̀ le bí ẹ bá yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dé òpin ní ọ̀tún tàbí ní òsì. Wáyà tí ó ti ní fọ́nrán kan péré tí ó já, ẹ má fi ọ́ìlì ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹ ra tuntun, ẹ sì fún òun náà ní ọ́ìlì kí ẹ tó fi sí i, torí pé ó rọrùn jù nígbà tí ó wà lọ́wọ́. Àwọn tí ń gùn jìnnà, láti Kétu dé Pobè tàbí títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí, máa ń na wáyà tuntun kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, wọn a gba ọ̀nà kan náà, wọn a sì dì í mọ́ ọn. Bí ọ̀kan bá já nínú igbó, kíkọ́ orí àti ìdí èkejì ni ó kù. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí púpọ̀.

Lára apá irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù kúrò ní ìdí rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀kán ọ́ìlì kan tàbí méjì sí i, kí ẹ sì yí i síwá sẹ́yìn. Ó tán níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ohun gbogbo bá ti padà sí ipò rẹ̀, ẹ ṣe àjọ́ọ̀sì. Ẹnu ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ní àyè tí yóò rìn kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohunkóhun. Ìwọ̀n tí Honda fún kẹ̀kẹ́ yín jẹ́ mìlímítà 10 sí 20, tí a bá wọ̀n ọ́n ní ṣóńṣó ọwọ́ náà, èyí tí ó tó nǹkan bí ìbú ìka kan. Bí àyè yìí bá pọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì kò ní já tán, jíà yóò máa pariwo, níútírà yóò sì máa sá fún yín. Mo fura pé ẹni tí ó fi wáyà kejì sí i fún yín dẹ̀ ẹ́ jù, nítorí ọwọ́ le. Bí kò bá sí àyè rárá, ó burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé wáyà yóò máa fa páléètì kúrò lára ara wọn díẹ̀ láìdáwọ́ dúró, wọn yóò máa yọ̀, wọn yóò gbóná, wọn yóò sì jóná. Ẹ fi bọ́lìtì ìsàlẹ̀ ṣe èyí tí ó pọ̀, kí ẹ fi ti òkè ṣe èyí tí ó kéré, kí ó lè ku ojú òwú púpọ̀ fún ti òkè bí ọ̀rọ̀ bá tún dé lójú ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ yí ojú tí a là lára bọ́lìtì òkè sí ìsàlẹ̀, kí omi òjò má bàa rí i gbà wọlé, kí ẹ sì dá rọ́bà ìbòrí rẹ̀ padà. Mo mọ̀ pé lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́, rọ́bà yẹn ti lọ tipẹ́; ẹ gé ọ̀kan lára táyà inú kẹ̀kẹ́ ológeere, yóò ṣiṣẹ́ náà.

Ó ku ọ́ìlì ti inú ẹ́ńjìnnì, òun nìkan sì ni ọ́ìlì tí páléètì yín ní ẹ̀tọ́ sí. Inú rẹ̀ ni páléètì CG 125 ti ń wẹ̀. Ohun tí ẹ bá dà sínú ẹ́ńjìnnì ni ẹ dà sí kílọ́ọ̀ṣì lórí. Nítorí náà ni mo fi ní kí ẹ má bu kẹrosíìnì sí i: yóò sọ ọ́ìlì di omi, ohun tí yóò sì jẹ nínú ẹ́ńjìnnì kí ìdọ̀tí kankan tó kúrò lára páléètì, owó rẹ̀ yóò ju ti páléètì lọ. Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìgbàlódé náà ní ewu tirẹ̀. Wọ́n fi èròjà tí ń mú irin yọ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn kí ọkọ̀ má bàa jẹ epo púpọ̀. Ó dára fún ọkọ̀, nítorí pé kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ kì í wẹ̀ nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ ó lè mú kí páléètì alùpùpù máa yọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn agolo: bí ẹ bá rí Energy Conserving tàbí Resource Conserving, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ohun tí ẹ ń wá ni JASO MA, àmì tí àwọn ará Japan fi lélẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1990 fún ọ́ìlì alùpùpù tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì. JASO MB kì í ṣe tiyín. Èyí yọ̀ jù, àwọn kẹ̀kẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì wọn gbẹ ni ó bá mu. Ní ojú ọjọ́ tiwa, 20W-50 (nọ́ńbà tí ń sọ bí ọ́ìlì ṣe nípọn tó) tí ó ní àmì MA tẹ́ mi lọ́rùn fún ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbó.

Mo mọ̀ pé ẹ ó rí ọ́ìlì nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, lórí tábìlì kan náà tí wọ́n ti ń ta kpayo, epo bẹntiróò ẹ̀bá ọ̀nà. N kò bá àwọn tí ń tà á jà, èmi náà ń ra epo lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìgò kò ní àkọlé, a kò sì mọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì inú rẹ̀ ti wá. Ẹ ra èyí tí a kò tíì ṣí. Ìwọ̀n líta kan tàbí díẹ̀ dín ni CG 125 ń gbà bí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀ kí ẹ tó tú u dànù, kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti àárín nílẹ̀ tí ó tẹ́jú. Nígbà tí ẹ bá ń wo ọ̀pá ìwọ̀n, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ ihò láìyí i wọlé, kí ẹ tó yọ ọ́ wò. Ẹni tí ó bá yí i wọlé kí ó tó wò ó yóò rò pé ọ́ìlì pọ̀ ju bí ó ti rí lọ. Fún eruku ọ̀nà tiyín, èmi yóò máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo kìlómítà 1,500, láìka ohun tí ìwé bá wí fún àwọn tí ń gùn lórí ọ̀dà. Ọ́ìlì tí ó ti gbó tí ó sì ti di oje dúdú máa ń lẹ páléètì mọ́ ara wọn, èyí sì wà lára ohun tí ó lè mú kí níútírà ṣòro. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń fò síwájú ní àárọ̀ bí ẹ ti ń fi sí jíà kìíní, ẹ fi sí jíà kejì kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tì í síwájú sẹ́yìn títí páléètì yóò fi jára wọn sílẹ̀.

Fún àwọn tí ń ka èyí tí kẹ̀kẹ́ wọn jẹ́ alápòpọ̀, tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo: ọ́ìlì tí ẹ pò mọ́ epo kì í dé ọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, ó ń jó lọ ni. Ihò ọ̀tọ̀ ni a ti ń bu ọ́ìlì jíà àti kílọ́ọ̀ṣì. Mo ti ṣí irú ẹ̀ tí ó gbẹ táútáú rí.

Olùkọ́, bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí níútírà kò sì tíì wọlé, ìgbà yẹn ni ẹ tó lè jẹ́ kí mẹkáníìkì ṣí ìdérí ọ̀tún. Ẹ dúró tì í. Kí ó wo páléètì irin bóyá ó ti ní àwọ̀ búlúù ti iná, kí ó sì tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí gíláàsì láti mọ èyí tí ó ti wọ́. Kí ó fi ìka pa ẹnu àwọn ojú agbọ̀n: bí etí páléètì bá ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀, páléètì yóò máa há sínú kòtò náà dípò kí ó yọ̀, a sì lè fi fáìlì rẹ́ èyí tí kò jìn. Bí ó bá pọn dandan kí a fi páléètì tuntun sí i, kí ó rì wọ́n sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun fún wákàtí díẹ̀ ṣáájú, nítorí páléètì tí a fi sí i ní gbígbẹ lè jó kí ọ́ìlì tó dé ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi gíríìsì kan wọn. Sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ń pààrọ̀ pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, kí ó sì máa fún bọ́lìtì wọn díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn. Nígbà tí ìdérí bá ti wà nílẹ̀, ẹ ní kí ó ṣí abọ́ kékeré tí ń yí ní orí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Òun ni àsẹ́ ọ́ìlì CG 125. Ìdọ̀tí máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ bí ẹ̀kọ tí ó dì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti gùn ún di àgbà láìmọ̀ pé ó wà. Kí ó ha á mọ́, kí ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dé e padà.

Ẹ ṣe ti wáyà ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹ bá ti ilé ìwé dé, kí ó máa kán mọ́jú, kí ẹ so ó padà ní Sátidé kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì. Tí ẹ bá ti gùn ún lọ sí ilé ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sì sọ ibi tí wáyà méjì ti ìṣáájú ti já.